Igi Tí Alága Ẹ̀wà Ìlú Yàn

Ní àkókò tí Adéwọ̀yìn fi jẹ́ Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀wà Ìlú ní Ẹ̀jìgbò, ẹni tó bá fẹ́ kí i káàárọ̀ ní láti jẹun yó kó tó jáde nílé. Kì í ṣe pé ilé ọkùnrin náà jìnnà. Ìkíni náà ló gùn. "Ẹ káàárọ̀, sà" kò tó. "Ẹ káàárọ̀, Alága" náà kò tó. Ohun tí etí rẹ̀ ń fẹ́ ni, "Ẹ káàárọ̀, Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀wà Ìlú, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Òdòdó àti Koríko, Baba Ewéko, Ọ̀tá Pàǹtírí." Bí o bá fo ẹyọ kan nínú rẹ̀, yóò gbójú sókè, yóò máa wo sánmọ̀ bí ẹni ń retí òjò, títí ìwọ yóò fi padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó fi gbogbo oyè wọ̀nyẹn jẹ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fún un. Àwọn yòókù, òun fúnra rẹ̀ ló ń bí wọn, òun náà ló sì ń sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ ó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà ṣe. Wọ́n gbin òdòdó sí oríta kan, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n tún un gbìn, ewúrẹ́ tún un jẹ. Alága wá pe àwọn oníròyìn jọ, ó tún fìlà dé, ó ní, "Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ní àsìkò tèmi, kò sí ìlú tí ewúrẹ́ ti ń jẹ oúnjẹ aṣaralóore tó ti Ẹ̀jìgbò." Ifákúnlé, akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, pàtẹ́wọ́ títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi já bọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí wà níbẹ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo pàtẹ́wọ́ díẹ̀, nítorí wọ́n ṣèlérí mínírà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Fáyọ̀kẹ́ ti Àbíjàn dé. Obìnrin yìí ti pẹ́ lọ́hùn-ún nínú ọgbà òyìnbó kan, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ igi sínú àwo pẹrẹsẹ, tí igi náà yóò rí bí ìrókò tó ti gbó, síbẹ̀ tí kò ní ga ju apá ènìyàn lọ. Àwọn ará Japan ló ni iṣẹ́ náà, bónsáì ni wọ́n ń pè é. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò fi sọ ọ́ ní igi aràrá. Fáyọ̀kẹ́ kéde pé òun yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ẹni tó bá fẹ́, nínú gbọ̀ngán ilé ìwé kan, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀. Kí oníkálukú mú igi kan dání.

"Kì í ṣe igi kígi o," ni Fáyọ̀kẹ́ wí. "Kí ìdí ẹ̀ ki, kí ewé ẹ̀ kéré. Kó jẹ́ igi tí wọ́n ti gé lágètúngé tí ò kú. Kó sì jẹ́ èyí tí ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín tọ́jú, torí ẹni tí ò mọ igi ẹ̀ ò lè mọ ibi tó yẹ kó gé."

Èyí ì bá má kan Alága rárá, bí kì í bá ṣe ìròyìn kan tó tẹ̀lé e. Ìyáàfin Ọmọpẹ́, olórí Àjọ Igi-Lẹ̀wà ní Òṣogbo, ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò parí ẹ̀kọ́ náà. Nínú àwọn tó bá wá ni yóò ti yan Ọ̀gá Àgbà Igi fún gbogbo ẹkùn Ẹ̀jìgbò, àti ìlú Ọlá, àti ìlú Ara, àti Ìsùndùnrìn. Ọkọ̀ wà nídìí ipò náà, dẹ́rẹ́bà sì wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí Adéwọ̀yìn gbọ́ èyí, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ti rí oyè karùn-ún tí yóò jẹ́, lọ́tẹ̀ yìí ẹlòmíràn ló sì máa fi í jẹ ẹ́.

Ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀," ó ní, "ayé ń wò wá. Àwọn tí a kò tíì bí pàápàá ń wò wá. Irú igi wo ló yẹ irú ènìyàn bíi tèmi?"

Ifákúnlé dìde, ó ka oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìmí, ó wá ní, "Ìrókò ni, sà."

"Ìrókò tóbi."

"Ẹ̀yin náà tóbi, sà."

Alága tún agbádá ṣe kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ ọ́ lára. Ògúnwálé ló ba nǹkan jẹ́. Ògúnwálé ló ń wa ọkọ̀ ìgbìmọ̀, ó sì ti di ọmọ ìgbìmọ̀ nítorí pé kì í kúrò nínú yàrá bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "igi kékeré ni wọ́n ní ká mú wá."

Ifákúnlé yára wo ojú Alága.

"Kékeré?" ni Alága wí. "Èmi, Baba Ewéko, kí n gbé ohun kékeré lọ síwájú àlejò Òṣogbo?"

Ifákúnlé ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní igi kékeré mọ́. Igi ńlá tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Gbogbo wọn na ọwọ́ sókè, ìpàdé sì túká pẹ̀lú ayọ̀.

Ó wá ku kí wọ́n rí igi ńlá tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n kọ́kọ́ forí lé Ara. Níbẹ̀ ni Alága ti rí igi ọsàn kan tó wù ú, ó sì dì mọ́ ọn kí Ifákúnlé lè ya fọ́tò. Kò wo ohun tó ń rìn lára igi náà. Ìgbà tí èèrà wọ inú agbádá rẹ̀, Alága jó ijó tí kò sẹ́ni tó lu ìlù rẹ̀ fún un. Ifákúnlé, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fi fóònù sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Wọ́n kọjá sí Ìsùndùnrìn. Igi kaṣú kan wà lẹ́bàá ọ̀nà lóko bàbá kan tó ń jẹ́ Àyàndá. Lókè, igi náà kò ga ju orúnkún lọ. Nísàlẹ̀, ẹ̀yin tó mọ kaṣú, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ògúnwálé gbẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò ń lọ. Ó tún gbẹ́, gbòǹgbò ṣì ń lọ. Àyà rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ tán nígbà tí Bàbá Àyàndá dé pẹ̀lú àdá léjìká.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," ni bàbá náà wí. "Ṣé kànga lẹ̀ ń bá wa gbẹ́ ni? Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Omi ti ń jìnnà sí wa ńbí."

Nígbà tí wọ́n fi dé Ọlá, òkìkí ti ṣíwájú wọn. Gbogbo ẹni tó ní igi tó ṣeé wò ti fi aṣọ bò ó.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni Alága rántí pé wọ́n ń retí òun ní agbo ilé wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni nìkáà Ummuhani, ọmọ àbúrò rẹ̀. Òun tó jẹ́ àgbà ilé ni yóò fi ọmọ náà fọ́kọ, ó sì yẹ kó wá gbọ́ bí ètò ṣe ń lọ. Ó pẹ́ tó ti dé agbo ilé náà kẹ́yìn, torí ó ti kọ́lé sí etí títì, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ ti lè máa rí i. Ó wọlé, wọ́n kí i. Ó jókòó, wọ́n gbé omi wá. Bí ó ṣe gbé omi sẹ́nu báyìí, ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Igi làálì kan ló wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ki bí ìdí odó, ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, ewé rẹ̀ kò tó èékánná. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbìn ín. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé kò sí ìyàwó tó jáde nínú agbo ilé náà rí tí wọn kò já ewé igi yẹn fi lé làálì fún un. Àwọn tó lọ gbé ní Àbíjàn pàápàá, bí wọ́n bá ń sọ ọmọ wọn lọ́kọ, wọn yóò ránṣẹ́ wá gba ewé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra làálì lílọ̀ tó wà nínú ọ̀rá lọ́jà, ṣùgbọ́n ilé yìí kò gbà. Wọ́n já igi náà, já a, tí kò fi ráyè ga. Ẹ ò rí i pé ohun tí Fáyọ̀kẹ́ ń wá gan-an nìyẹn.

Alága gbé ife omi sílẹ̀, ó na ìka. "Igi yẹn," ó ní, "ti di ti ìlú."

Ìyá Irfan, aya àbúrò rẹ̀, ìyá Ummuhani, kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Igi àwa obìnrin ni. Ewé ẹ̀ la fẹ́ fi lé làálì fọ́mọ yín."

"Wọ́n ń lọ̀ ọ́ tà lọ́jà."

"Bàbá," ni Ummuhani wí láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ jẹ́ ká já ewé ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wá máa gbé igi lọ."

"Kí n gbé ìhòòhò igi lọ pàdé àlejò? Ọmọdé ń ṣe ẹ́. Ìlú ni ìyàwó tó kọ́kọ́ yẹ ká ṣe lọ́ṣọ̀ọ́."

Ìyá Irfan rí i pé Ògúnwálé ti ń ti inú ọkọ̀ kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì bọ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ máa gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kan fún yín nípa ewé yẹn. Tẹ́ ẹ bá..."

Alága na ọwọ́ dá a dúró. "Bàbá ta ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo bá wá ni? Iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe. Kí ni wọ́n ń pè mí?"

Obìnrin náà gbìyànjú o. "Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀wà Ìlú," ó ní, "Olùdámọ̀ràn... Olùdámọ̀ràn lórí koríko..." Ó sọnù síbẹ̀. Kò rí ọ̀nà àbọ̀.

Alága mi orí. "Ẹni tí kò lè pe èèyàn tán, kí ló fẹ́ sọ fún un?"

Wọ́n hú igi náà. Ìyá Irfan sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Kí n tó parí ìtàn yìí, n ó sọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba oyè kankan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, igi oríṣiríṣi pé sórí tábìlì. Aránṣọ kan gbé ata wá. Wisdom, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, mú dongoyaro kan tó hù nínú ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, pẹ̀lú bíríkì tó dì mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Fáyọ̀kẹ́ bi í bóyá òun ló ń tọ́ ọ.

"Rárá o, mà," ni Wisdom wí. "Màmá mi ló máa ń da omi ìfọbọ́ sí i. Èmi kàn ń fi ọwọ́ tì í ni, àfìgbà tó bá fẹ́ dí mi lójú ni mo máa ń gé e."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí aṣọ lórí igi tirẹ̀, nítorí aṣọ sányán ló fi bò ó wá.

"Vuálà!" ni Fáyọ̀kẹ́ fi Faransé Àbíjàn ké. Ó yí igi náà ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀. "Lóòótọ́, mi ò tíì rí irú ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ọwọ́ ló sọ igi yìí dà báyìí. Ta ló ń já a?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ìgbàlà ṣì ṣí sílẹ̀ níbí. Gbólóhùn kékeré kan, "àwọn obìnrin ilé wa ni," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti rí ọkọ̀, ó ti rí dẹ́rẹ́bà.

"Èmi ni," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún. Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, ọ̀dọ̀ igi yìí ni mo ń kọ́kọ́ lọ."

"Àlùmọ́gàjí lẹ fi ń gé e?"

"Kí á má rí i! Èmi kì í fi irin kan ohun abẹ̀mí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni." Ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè kí ìjọ lè rí i.

Fáyọ̀kẹ́ wo àwọn ọwọ́ náà. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n funfun ní àtẹ́lẹwọ́. Ó wo igi làálì. Ó tún wo ọwọ́. "Dakọ́ọ̀, ó dáa," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì kọjá sídìí igi ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n gé gbòǹgbò. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n ní láti já ewé kúrò, kí òùngbẹ má baà pa igi. Ìyá Irfan àti Ummuhani ti wà níjókòó níwájú, àwọn obìnrin ilé yòókù sì wà lẹ́yìn wọn, abọ́ lọ́wọ́. Fáyọ̀kẹ́ ti wádìí ilé tí igi náà ti wá, òun ló sì ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá kó ewé wọn. Alága rò pé òun ni wọ́n wá yẹ́ sí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún," ni Fáyọ̀kẹ́ wí, "ẹ fi han àwọn ọmọ yìí."

Alága ká agbádá sí èjìká. Ó já ìkúnwọ́ ewé kan, ó já òmíràn. Ewé ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Abọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń fọ ìpata kúrò lára irinṣẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ewé má baà lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ó tún já sí i. Nígbà tí igi náà fi di ìhòòhò, ẹ̀kúnwọ́ ewé fífọ́ ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀kúnwọ́ ewé fífọ́ ló wà ní ọwọ́ òsì. Ó ku kó dà wọ́n sínú abọ́ Ummuhani. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé èrò pọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "kí ni ewé?"

Ó dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì, ó bá Áńábì Nuhu wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, ó wá ń bọ̀ wálé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó di ìkúùkù méjèèjì, ó ń jù wọ́n sókè. Bí ó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀, Ifákúnlé a pàtẹ́wọ́. Bí Ifákúnlé kò bá pàtẹ́wọ́, Ìyá Irfan a ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Bàbá! Ẹ dì í mú dáadáa!" Àwọn obìnrin ẹ̀yìn a sì hó yèè. Alága kò rí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ ló wà tí wọ́n fi pe ìrun alásárì.

Nígbà náà ló tó ṣí ọwọ́. Ummuhani gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ti bá wa gún un."

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka ìwé yìí ti ń rẹ́rìn-ín láti òkè lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọkùnrin. Adéwọ̀yìn mọ̀ pé làálì ń pa ọwọ́ láró. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ó rò pé ti inú ọ̀rá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí obìnrin bá po ó, tí wọ́n sì fi aṣọ di ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé ewé tútù, tí a bá fọ́ ọ, tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí a sì dì í mọ́wọ́ títí, làálì ti parí. Bí ó bá sọ̀rọ̀ níwọ̀n, omi ì bá fọ̀ ọ́ kúrò. Gbólóhùn tí Ìyá Irfan fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: "Tẹ́ ẹ bá já a, ẹ má dì í mọ́wọ́."

Ìgbà tó ń ṣe àlùwàlá ló rí i. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi kànìnkànìn ha á, ó fi kẹrosíìnì pa á, ó fi yanrìn yún un. Làálì, bí ẹ ṣe mọ̀, bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń pọ́n sí i. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti pọ́n kuku, títí dé èékánná.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ wá, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀. "Bàbá Ìyìnolúwa," ó ní, "ṣé ẹ̀ ń relé ọkọ ni?"

Lọ́jọ́ ìparí náà, agbádá tí apá rẹ̀ gùn jù nínú àpótí ni Alága wọ̀. Ifákúnlé ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí i, a ní ara ń ro òun. Ìgbà tí Ìyáàfin Ọmọpẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ìlú ya ẹnu, torí wọn kò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ni Ifákúnlé wí.

Wọ́n mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àlejò náà níwájú. Wọ́n pe pásítọ̀ kí ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn di ojú, Alága ní ìsinmi díẹ̀. Lẹ́yìn pásítọ̀, wọ́n pe lèmọ́mù, nítorí bí a ṣe ń ṣe é ní Ẹ̀jìgbò nìyẹn. Lèmọ́mù, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa, dúró síwájú wọn.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ s'Ọ́lọ́run," ó ní.

Gbogbo ọwọ́ gòkè. Mùsùlùmí tẹ́ ọwọ́, Kìrìsìtẹ́nì náà bá wọn tẹ́ ẹ, Fáyọ̀kẹ́ tí ilé wọn ń bọ òrìṣà Ògìyán náà tẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ Alága nìkan ló kù nínú agbádá. Bí kò bá gbé e jáde, wọn yóò ní ó kọ àdúrà ìlú. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì, ó dì wọ́n ní ìkúùkù.

Lèmọ́mù dá àdúrà dúró. "Alága, ẹ la ọwọ́ yín. Ire ń bọ̀, kò níí ríbi bà sí."

Ojú gbogbo èrò yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó la ọwọ́.

Lèmọ́mù wò ó. Lárúbáwá tó wà lẹ́nu rẹ̀ pòórá. Àwọn obìnrin ilé wọn hó ìhó tí wọ́n ń hó bí ìyàwó bá ń jáde.

Ìyáàfin Ọmọpẹ́ tẹ orí wò ó dáadáa. "Alága," ó ní, "ẹ kú oríire o. Àwọn wo ni àna wa?"

Ẹ̀rín wó gbọ̀ngán náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín nìkan, Alága ì bá yè é. Ṣùgbọ́n obìnrin náà dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó gbé làálì yìí wá ti ń fi ọwọ́ já a láràárọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, mà."

"Ọgbọ̀n ọdún ò pa yín láró. Àná nìkan ló pa yín láró?"

Alága dìde, ó gbọn agbádá. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. "Ọlọ́lá jù lọ," ó ní, "ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, àná ni igi náà tó dá mi mọ̀."

Ifákúnlé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra fi ọwọ́ sí àpò.

"Ta ló ń já igi yìí?" ni Ìyáàfin Ọmọpẹ́ bi ìjọ. Ìyá Irfan dìde. Ó kàn na ọwọ́ Ummuhani sókè, ó pọ́n bíi ti Alága gẹ́lẹ́, torí ewé kan náà ni. Àwọn obìnrin tó kù náà na tiwọn, àwọn tí làálì ìyàwó tiwọn ti ṣí kúrò tipẹ́tipẹ́.

Báyìí ni Adéwọ̀yìn ṣe pàdánù ọkọ̀ àti dẹ́rẹ́bà. Wisdom ni wọ́n fún ní ipò náà. Ìyáàfin Ọmọpẹ́ ní òun fẹ́ ẹni tí wọ́n bá bi léèrè tí yóò lè sọ pé ìyá òun ló ń bomi rin ín. Àwọn àgbà ìlú náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ Alága. Wọn kò bú u, torí ọmọ wọn ni. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí làálì yóò fi ṣí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi ṣí kúrò, kò sẹ́ni tó rántí pè é padà, ìgbìmọ̀ náà sì túká. Oríta wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, a ò sì mọ ìyàtọ̀.

Kó tó di ìgbà yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ dé. Àgbà ilé ni, kò lè sá. Òun ló di ọwọ́ ọkọ Ummuhani mú nígbà tí wọ́n so yìgì. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, ènìyàn méjì ló lé làálì, ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n. Ojú tì í, n kò lè sọ pé kò tì í. Ṣùgbọ́n Ummuhani kò jẹ́ kó sápamọ́. Ó fà á mọ́ra, ó ní kí wọ́n ya òun àti Bàbá òun.

Lẹ́yìn ìnáwó ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù tó dé. Wọ́n ti gbin igi làálì náà padà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kò ní ewé, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti dín kù. Fáyọ̀kẹ́ wá wò ó, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìyá Irfan kúnlẹ̀ síwájú Adéwọ̀yìn, ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá, Ìyìnolúwa ọmọ yín ló kàn tó máa lọ sílé ọkọ nílé yìí. Tí igi yìí bá kú, òun ló máa kọ́kọ́ fi ti inú ọ̀rá jáde. Ẹ̀yin lẹ já a, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ó máa bomi rin ín."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, Adéwọ̀yìn á gbé kẹ́tù, á rìn láti etí títì wá sí agbo ilé. Á bomi rin kùkùté náà, á jókòó tì í, á máa lé ewúrẹ́. Àwọn tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," á dá wọn lóhùn, á sì kọjá, torí pé ó ń kánjú. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, igi kò mira. Làálì ti parẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ku ti èékánná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ igi náà lábẹ́lẹ̀, Ìyá Irfan sì gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná, kò sọ fún ẹnì kankan àfi gbogbo wa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti da omi, ó rí ewé kan lára ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là fún ọ̀rọ̀ ńlá, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ewúrẹ́ kan ló rí. Ó pa ẹnu dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kó fi kàn án, bóyá lóòótọ́ ni.

"Bàbá," ni Ìyá Irfan wí láti ojú fèrèsé.

Adéwọ̀yìn yára fa ọwọ́ méjèèjì padà, ó kó wọn sẹ́yìn, ó sì dúró níbẹ̀ tó ń wò ó.